Òwú Kò Mọ Òkè

Ilé wa,
Ọ̀sán Sátidé.

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ẹ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ìbejì tó sọ ilé yín di pápá ìṣeré. Ṣé ara le? Ṣé àwọn aláìsàn inú wọ́ọ̀dù rẹ ń jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wọn jókòó jẹun? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ẹ lórí àga, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Ní tèmi, ara le, ọkàn ni kò balẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Ìgbà kẹta tí n ó jókòó ti ìwé yìí nìyí.

Mo mọ̀ pé yóò yà ẹ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, nígbà tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ la jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìdí rẹ̀ ni pé irọ́ ni mò ń pa fún ẹ lórí fóònù. Láti ọjọ́ Wẹ́sidé tí o ti ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ńkọ́?" tí mo sì ń dáhùn pé ara wọn yá gágá, wọ́n ń ya fọ́tò kiri, n kò tíì gbúròó Bàbá wa. Kò sí ìpè, kò sí àtẹ̀jíṣẹ́. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ni èyí tí wọ́n kọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè nínú ọkọ̀ òfurufú: "Mo ti jókòó. Ẹ̀bá fèrèsé ni wọ́n fún mi." Túsìdé ló yẹ kí wọ́n balẹ̀. Òní ni ọjọ́ karùn-ún wọn lọ́hùn-ún.

Irọ́ yẹn kọ́ ló burú jù. Irọ́ kan ti wà ṣáájú tó bí i. O rántí ìrọ̀lẹ́ tí o pè mí nígbà tí mò ń ṣe ètò ìrìn náà lọ́wọ́? O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí pé Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sun orí òkè ní alẹ́ àkọ́kọ́." Mo ní kí o fọkàn balẹ̀, pé mo ti fi ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta sísàlẹ̀ létí òkun kí wọ́n tó gòkè. Lóòótọ́ ni ọjọ́ mẹ́ta náà ti wà níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, kí o tó pè, mo ti fa ìlà lé wọn lórí. Bí o bá ń gbọ́ pé irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a, èmi kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Tèmi kò lọ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Jẹ́ kí n rò ó bó ṣe jẹ́, bóyá àyà mi á rọlẹ̀ díẹ̀. O mọ ohun tí Gúúsù Amẹ́ríkà jẹ́ fún Bàbá wa. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì, wọn kò sì wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Kọ́ńtínẹ́ǹtì yẹn nìkan ni wọ́n lè yà sára pátákó láìgbé ṣọ́ọ̀kì sókè, láti Òkun Kàríbíà lókè títí dé ṣóńṣó ìsàlẹ̀ tó ń wo ọ̀nà ilẹ̀ yìnyín. Ìwọ lo sọ ní kíláàsì wọn pé ó jọ itan adìyẹ. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Bàbá ní kí o dìde, kí o sọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí egungun rẹ̀ wà. O ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Wọ́n ní, "O gbà á. Egungun yẹn là ń pè ní Áńdíìsì." Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni wọ́n fún ẹ lọ́jọ́ yẹn, lórí itan adìyẹ! Èmi tí mo fi ọjọ́ méjì kun odò ní àwọ̀ búlúù, mẹ́rin.

Nígbà tí èmi àti ìwọ pinnu pé kí wọ́n lọ fojú ara wọn rí i, kí ẹsẹ̀ tó kọ iṣẹ́, wọn kò pariwo. Wọ́n kàn mú ìwé eserásáìsì kan, wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí sínú rẹ̀: òkè Áńdíìsì fúnra rẹ̀, ìlú olókùúta tí àwọn Ínkà kọ́ sáàárín òkè, adágún Títíkákà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi koríko hun ọkọ̀ ojú omi, àti pápá iyọ̀ tó lọ salalu, tí òjò bá rọ̀ sí i, tí ojú ọ̀run á wá sílẹ̀ bí inú díńgí. Ó tán síbẹ̀. Màmá ní àwọn kò bá wọn lọ. Wọ́n ní òkè tí àwọn gùn nígbà tí àwọn ń bí èmi àti ìwọ ti tó àwọn.

Iṣẹ́ mi ni, mo gbà á. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà ní ilé iṣẹ́ aṣètò ìrìn àjò wa, tí mò ń rán ènìyàn lọ síbi tí ẹsẹ̀ mi kò tẹ̀ rí. Àwọn tó kù ń fi kọ̀ǹpútà wọn ọ̀nà. Èmi ọmọ aránṣọ, òwú Màmá ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. N ó na òwú sára máàpù ńlá tó wà lára ògiri, n ó fi èékánná di ibi tó dé, n ó gbé e lé orí rúlà. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òwú mi kì í jìnnà sí òtítọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ìrìn Bàbá. Mo ti tò ó dáadáa, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìsinmi ní Límà létí òkun, nítorí òfin ọ́fíìsì wa ni pé ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún kò gbọ́dọ̀ sùn lókè kó tó sùn nísàlẹ̀ fún òru mẹ́ta.

Àfi bí Bàbá ṣe yà sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ ti káńtà, wọ́n wo máàpù ara ògiri títí, wọ́n wá ní, "Omi tó ń já láti orí àpáta yẹn ńkọ́? Iguasú?" Kò sí nínú ìwé wọn tẹ́lẹ̀. Kí n tó dáhùn, wọ́n ti dé fìlà wọn, wọ́n ti lọ. Àbúrò mi, ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ló kó bá mi. Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, mo ṣì ń wá máàkì lọ́wọ́ bàbá mi.

Iguasú wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì kọ́ńtínẹ́ǹtì náà, ọjọ́ mẹ́ta ni lílọ, wíwò àti bíbọ̀. Mo wá ibi tí n ó ti rí ọjọ́ mẹ́ta. Mo na òwú láti etí òkun dé orí òkè: kò ju ìka kan lọ. Mo ní, kí ni ìka kan? Mo fa ìlà lé ọjọ́ ìsinmi, mo kọ Iguasú sí ọjọ́ kejìlá, mo sì jẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú kejì gba Límà kọjá pẹ̀lú bàbá ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, kó gbé wọn lọ tààrà sí Lapáàsì, níbi tí pápákọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀ ti ga ju ẹgbàajì mítà lọ. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ó yẹ kí ọ̀gá wa ka gbogbo ètò kó tó buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n o mọ ọkùnrin tí a ń pè ní Kò-sí-wàhálà. Ó ní ta ni yóò ṣe ètò bàbá ẹni kó má dáa. Ó buwọ́ lù ú láìṣí i.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, mo bẹ Kò-sí-wàhálà kó bá mi pe òtẹ́ẹ̀lì tó wà ní Lapáàsì, torí òun ló gbọ́ èdè wọn díẹ̀. Wọ́n ní bàbá kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò dé. A tún pè ní Tọ́sìdé, wọ́n ní kò dé. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní àwọn kì í sọ ọ̀rọ̀ èrò fún ẹni tí àwọn kò rí lójú. Kò-sí-wàhálà gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kò sí wàhálà. Díẹ̀ ló kù kí n da omi sí i lára. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ìgbà tí mo bá la ojú, mo ń rí Bàbá lórí ìjókòó kan ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n di orí mú, èémí kò tó wọn, wọn kò sì gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni.

Mo mú ìwé ìpolówó wa ní ọ́fíìsì lánàá, èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Mo rò pé n ó rí nǹkan tu ọkàn mi nínú. Mo kà á pé Áńdíìsì gùn ju gbogbo ọ̀wọ́ òkè orí ilẹ̀ ayé lọ. Pé kò sí odò tó ru omi tó Amasọ́nì. Pé ibòmíràn wà ní aṣálẹ̀ Atakámà tó jẹ́ pé òjò lè má kán síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo wá dé ibi tí mo kọ ọ́ sí pé, "Ẹ wá mí afẹ́fẹ́ orí òkè, ó ń tuni lára." Afẹ́fẹ́ wo? Afẹ́fẹ́ tí kò tó àlejò mí! Mo pa ìwé náà dé, mo sọ ọ́ sí abẹ́ àga.

Mo ní láti dìde báyìí. Ìdí mi kò gba àga mọ́. Ọ̀rọ̀ èmi àti ilé yìí ti di ti adìyẹ tó bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Mo ti padà dé. Àbúrò mi, gbọ́ ohun tí mo rí. Mo lọ dúró sí yàrá tí Màmá ti ń ránṣọ. Mò ń rìn síwá, mò ń rìn sẹ́yìn, títí wọ́n fi pariwo mọ́ mi pé, "Jókòó, tàbí kí o jáde! O ti ń tẹ pátánì mi mọ́lẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n mú bébà tí mo tẹ̀. Wọ́n ti gé e ní ìrísí apá aṣọ. Bírò pupa wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ bírò pupa yẹn nínú ilé yìí.

Ètò ìrìn tí mo tẹ̀ fún Bàbá ni! Ẹ̀dà méjì ni mo fún wọn. Wọ́n mú ọ̀kan lọ, wọ́n máàkì èkejì fún mi bí iṣẹ́ àmúrelé, wọ́n sì fi sílẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun kí n lè rí i. Tábìlì ìjẹun yẹn náà ni Màmá ń gé aṣọ lé. Wọ́n ní àwọn rí bébà tó le dáadáa, àwọn sì ń wá ohun tí àwọn máa fi gé pátánì aṣọ ìyàwó kápẹ́ńtà. Bí mo ṣe ń sunkún ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Apá ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ rí kà. Bàbá ti fa ìlà pupa lé ọjọ́ kìíní mi lórí, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Òwú kò mọ òkè. Límà, òru mẹ́ta. N ó sọ̀ níbẹ̀, n kò ní wọ ọkọ̀ kejì." Nísàlẹ̀, níbi tí mo kọ ọ́ sí pé wọn á gòkè láti Kúsíkò, ìlú kan lórí òkè, lọ sí ìlú olókùúta, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ta ló kọ́ ẹ? Ìlú náà rẹlẹ̀ ju Kúsíkò lọ. Ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀ ni." Màmá bá mi tú àpò èérún aṣọ, a rí apá òsì. Ó ní: "Ọjọ́ kẹrin sí ìkẹfà, àfonífojì ìsàlẹ̀ Kúsíkò, kí ara lè mọ òkè díẹ̀díẹ̀. N ó pa fóònù. Má retí mi títí di ọjọ́ keje." Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé tó gun orí igi kò rí i. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún wo máàpù kò rí i.

O ti lè máa rò pé ara mi wá balẹ̀. Kò balẹ̀. Ìwé ni ìwé ń jẹ́. Ta ló mọ̀ bóyá àwọn ọlọ́kọ̀ gbà kí Bàbá sọ̀ ní Límà? Ta ló mọ̀ bóyá wọ́n rí ibi sùn? Màmá wò mí láti orí máṣíìnì, wọ́n ní, "Ṣé o rò pé n kò mọ̀ pé bàbá yín kò tíì pè? Ẹsẹ̀ rẹ ti sọ fún mi láti Wẹ́sidé. Bàbá yín kò gun àkàbà kan rí láìkọ́kọ́ mì í wò." Wọ́n tẹ máṣíìnì wọn lọ. Ọjọ́ keje, Mọ́ńdè ni. N kò ní fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ títí ìgbà náà, torí n kò fẹ́ kí o máa rìn síwá sẹ́yìn nínú wọ́ọ̀dù bí èmi.

Ọ̀sán Mọ́ńdè.

Wọ́n ti pè! Àbúrò mi, Bàbá wa ti pè! Fóònù ọ́fíìsì ló dún ní agogo kan ọ̀sán, Kò-sí-wàhálà gbé e, ojú rẹ̀ yí padà, ó nà án sí mi láìsọ kò sí wàhálà. Mo ní, "Bàbá!" Wọ́n ní, "Ṣé o rí iṣẹ́ rẹ tí mo máàkì?" Kò sí ẹ kú ilé, kò sí nǹkan kan. Mo ní, "Mo rí díẹ̀ níbẹ̀ sà. Màmá ti fi gé apá aṣọ." Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń húkọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra rẹ́rìn-ín, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó.

Ara wọn le. Wọ́n sọ̀ ní Límà, wọ́n fi ìwé wọn han obìnrin kan níbi káńtà, ó sì bá wọn yí ọjọ́ ọkọ̀ padà. Òru mẹ́ta ni wọ́n fi gbọ́ ìró òkun. Wọ́n wà ní Kúsíkò báyìí, orí fọ́ wọn díẹ̀ láàárọ̀ àná, ó ti lọ. Wọ́n ń mu omi, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o kó fún wọn. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé egungun itan adìyẹ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n wá rọ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní ọdún márùndínlógójì ni àwọn fi ṣọ́ọ̀kì funfun ya òkè yẹn, nítorí ṣọ́ọ̀kì mìíràn kò sí, àwọn kò mọ̀ pé funfun náà ni orí rẹ̀ rí.

Mo jẹ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo yọ ọjọ́ ìsinmi yín, nítorí omi tí ẹ bèèrè. Mo mọ ewu tó wà níbẹ̀ kí n tó yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà." Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣé o ti ka ọjọ́ kejìlá?" Irọ́ ti dé orí ahọ́n mi, pé bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo gbé e mì. Mo ní n kò tíì rí i. Wọ́n ní kí n lọ wá a, owó fóònù ń lọ.

Mo sáré délé. Ọrùn aṣọ ìyàwó kápẹ́ńtà ni Màmá fi ọjọ́ kejìlá gé. Ó wà lára aṣọ náà, píìnì yí i ká. Màmá yọ píìnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi sẹ́nu, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án títí ó fi tán. Mo kà á lórí ìdúró. Ìlà pupa ti gba orí Iguasú kọjá. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé:

"Fagilé. Èmi kọ́ ni mo fẹ́ rí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tí o ya kọ́ńtínẹ́ǹtì yìí fún mi, tí o kun odò rẹ̀ ní búlúù, tí gbogbo odò náà sì ń já sínú omi kan ṣoṣo yẹn. Mo fún ẹ ní mẹ́rin, o lọ sunkún lẹ́yìn ilé. Mo bèèrè rẹ̀ ní káńtà láti mọ̀ bóyá o ṣì rántí. Bí mo bá dé, èmi àti ìwọ la ó jọ lọ wò ó. Ìwọ ni kí o ṣe ètò rẹ̀. Fi ọjọ́ ìsinmi sí i."

Mẹ́rin yẹn nìkan ni mo rántí, àbúrò mi. Mo ti gbàgbé omi náà pátápátá. Àwọn ni wọ́n rántí.

Dárí jì mí nítorí irọ́ méjèèjì. N kò ní tọ́jú ẹ pẹ̀lú irọ́ mọ́, o ti dàgbà ju ìyẹn lọ. Kí Ọlọ́run tó ṣọ́ Bàbá wa lórí òkè máa ṣọ́ ẹ nínú wọ́ọ̀dù. Kí àwọn ìbejì rẹ dàgbà, kí ẹsẹ̀ wọn dé ibi tí ẹsẹ̀ wa kò dé, kí wọ́n sì padà wálé láyọ̀. A kò ní fi ẹkún pàdé Bàbá ní pápákọ̀ òfurufú.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń bẹ̀ ẹ́,
Ọmọ olómáàkì mẹ́rin.

Mo tún rántí: Màmá ní kí n kọ ọ́ pé aṣọ ìyàwó kápẹ́ńtà ti pẹ́ nítorí mi, àti pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n gé ìwé òun, kó má gbé e sórí tábìlì aránṣọ. Mo tọrọ òwú lọ́wọ́ wọn. Mo nà án lórí máàpù láti ilé wa dé ibi omi náà. Kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa.